Sálénsà Tuntun àti Ìbéèrè Mọ́nsúrù

Bí o bá gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ Mọ́nsúrù Tìjání ní Òkìtìpupa, kò ní kọ́kọ́ wo alùpùpù náà. Ojú rẹ ni yóò wò, lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ. Yóò ti àwo tánńganran funfun kan sí ọ níwájú, yóò gbé agolo nọ́ọ̀tì irin ògbólógbòó kan tì í, yóò wá bi ọ́ pé, "Kí ni ọwọ́ rẹ ti kàn?"

Gbogbo ohun tí o ti tú, tí o ti dè, tí o ti fọ̀ tàbí tí o ti fi òòlù gbá kí o tó gbé e wá ló fẹ́ gbọ́. Bí o bá ti ń dárúkọ ọ̀kan, wàá ju nọ́ọ̀tì kan sínú àwo. Èyí tí o ṣe gbẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ tú wò. Láti ẹ̀yìn ni yóò ti máa bọ̀ wá síwájú títí yóò fi bá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Mi ò mọ mẹ́kánííkì mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù á kàn gbá sípánà mú ni.

Kò mọ̀wé. Òṣooro ni wọ́n bí i sí, kẹ̀kẹ́ ló sì kọ́kọ́ ń tún ṣe lójúde bàbá rẹ̀ tó ń ta iyọ̀ àti gaàrí. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ ń ṣọ́ ẹ́ńjìnì ńlá kan nílé iṣẹ́ epo pupa. Ọdún mẹ́jọ ló fi jókòó ti ẹ́ńjìnì yẹn, ariwo rẹ̀ sì jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù létí ọ̀nà Ìrèlè, kò gbọ́ ohùn èèyàn mọ́ àfi bó bá ń wo ẹnu onítọ̀hún.

Adití tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe! Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é fún yín, nítorí orí mi wú nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Yóò fi eyín di igi ìdí sukudíráfà mú, yóò fi ẹnu irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnì, yóò wá di ojú. Gbogbo bí irin ṣe ń lu irin nínú lọ́hùn-ún ni yóò máa gba eyín rẹ̀ wọ orí. "Àwọn eyín mi wọ̀nyí," ló máa ń wí, "wọn ò ì jẹ ẹran tó bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́ńjìnì."

Èmi, Olúsọjí, ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni mí lọ́dún 1971 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Alùpùpù ìjọba ni mò ń wà fún àwọn elétò ìlera ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹ́ńjìnì. Ìwé kan tó ti já lẹ́yìn ni mo rí gbà lọ́wọ́ òyìnbó oko rọ́bà kan tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Àwòrán kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnì, wà nínú rẹ̀, wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó bí ẹja tí wọ́n fẹ́ yan. Mo ka ìwé yẹn títí mo fi ń lá àlá rẹ̀. Mo mọ orúkọ gbogbo nǹkan, mo sì rò pé ẹni tó bá ti mọ orúkọ nǹkan ti mọ nǹkan ọ̀hún náà nìyẹn.

Sálénsà ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí omi Ìgbókọ̀dá ti jẹ ti àtijọ́ lu, èéfín ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde bí ẹni pé wọ́n ń dáná nínú rẹ̀. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́dún tó kọjá ni, irú sálénsà tí alùpùpù wa bá wá láti ilé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú padà. Ọkùnrin oníṣòwò kan láti Ìbíní ló mú òmíràn wá, èyí tí kì í ṣe ti alùpùpù wa rárá. Ó kúrú, ó tọ́ tààrà, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ń dá èéfín dúró. Ó sì ń dán! Mo lè rí eyín mi nínú rẹ̀. Odidi ọjọ́ Àìkú kan ni mo fi dè é mọ́ ọn. Nígbà tí mo ta á nípàá, gbàù! Àwọn ewúrẹ́ fọ́n ká, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Láàárín ìlú níbi tí a kì í ti í sáré, kò yọ mí lẹ́nu rárá títí di Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, inú oṣù Èrèlé, oòrùn mú ganrínganrín láti àárọ̀. Éèyi ti wọ àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìyànsàn, ọmọ mẹ́ta ti kú. Nọ́ọ̀sì Dora ti bá ọkọ̀ ẹrù ìdájí lọ sí Ìyànsàn, òun àti abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀, láti kó àwọn ìyá jọ. Ṣùgbọ́n oògùn àjẹsára fúnra rẹ̀ kò tíì dé láti Àkúrẹ́ nígbà tó fi lọ. Aago mẹ́sàn-án ló dé. Mọ́tò ilé ìwòsàn ń gba àtúnṣe lọ́wọ́ ní Oǹdó, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí apá ibẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ó di ọwọ́ mi.

Ẹni tó ń tọ́jú fíríìjì oníkẹrosíìnì ilé ìwòsàn kó oògùn náà sínú fúláásíkì ńlá kan, ó da yìnyín lé e, ó sì dé e pinpin.

"Olúsọjí, má ṣí i o," ó wí fún mi. "Ooru á wọ ọ́. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá yìnyín ṣì wà níbẹ̀, mì ín, kí o tẹ́tí. Bó bá ṣì ń kan ara rẹ̀, máa lọ. Bó bá ti dákẹ́, padà sílé, torí oògùn ti kú nìyẹn, omi lásán lẹ máa gún sára ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ó sì tún fi retí òmíràn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Éèyi kì í dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mo de fúláásíkì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, mo gbéra. Mi ò tíì jìnnà sí ìlú nígbà tí mo dé ibi òkè àkọ́kọ́, mo fún un níná dáadáa kó lè gùn ún. Pa! Pa-pa! Ó ń yìnbọn lẹ́yìn, agbára rẹ̀ ń rọ lábẹ́ mi. Bí mo bá fún un níná, á fẹ́ kú. Bí mo bá dín in kù, á jí. Mo fa ṣóòkù, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, dé ìdajì, ó tún ta kìjí díẹ̀. Mo gbìyànjú òkè yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnì gbóná débi pé ó ń jó mi lórúnkún. Mo yí padà. Mo tì í, mo gùn ún, mo tún tì í, títí mo fi dé abẹ́ igi fúrúùtù Mọ́nsúrù, òógùn ń kán sílẹ̀ lágbọ̀n mi.

Mo mi fúláásíkì. Kò-kò, kò-kò. Yìnyín ṣì pọ̀.

Vincent tó ń lẹ táyà lábẹ́ igi kan náà ló kọ́kọ́ rí mi. Ẹnu Vincent kò ní ìjánu.

"Ẹ wá wo ọkọ̀ òfuurufú o! Láti ọjọ́ Àìkú la ti ń gbọ́ ariwo rẹ kiri ìlú. Ṣé kò wá fò ni?"

"Bọ̀dá Vincent, ẹ jọ̀ọ́. Oògùn ọmọ ló wà lẹ́yìn mi."

Mọ́nsúrù dìde. Ó tó ẹni ogójì ọdún nígbà náà, ó ga, ó gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ nítorí bíbẹ̀rẹ̀. Mo dúró síbi tó ti lè rí ẹnu mi, mo sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un, mo sì sọ ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí mo dárúkọ Ìyànsàn, ojú rẹ̀ yí padà. Ìyàwó rẹ̀, Àkànkẹ́, wà ní Ìyànsàn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, òun àti Àríyọ̀, ọmọ wọn ọlọ́dún kan.

Síbẹ̀ kò yára. Ó ti àwo síwájú mi.

"Akọ̀wé, kí ni ọwọ́ rẹ ti kàn?"

"Sálénsà." Mo ju nọ́ọ̀tì kan sínú àwo. "Mo sì de ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì." Nọ́ọ̀tì kejì. "Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ púlọ́ọ̀gì." Ìkẹta.

"Ó parí?"

Mo wo Vincent, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo Mọ́nsúrù.

"Ó parí."

Irọ́ ni. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, mo ti tú kabúrétọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnì, nítorí mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó wà nínú ìwé mi. Gásíkẹ́ẹ̀tì bébà tó wà láàárín òun àti ẹ́ńjìnì, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, sì ya mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò dààmú. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sá igi rọ́bà lọ́gbẹ́, mo gba oje rẹ̀ sínú ìdérí agolo, mo fi kun ẹnu méjèèjì, mo sì dè wọ́n pọ̀. Kí la kì í fi oje rọ́bà dí lọ́dọ̀ wa? Garawa tó ń jò, bọ́ọ̀lù ọmọdé, ẹsẹ̀ bàtà. Ó mú pinpin, mo sì yin ara mi.

Kí ló dé tí mi ò fi sọ ọ́? Nítorí ní oṣù méjì sẹ́yìn, Mọ́nsúrù ti fà mí létí níwájú gbogbo èèyàn: "Tú ohun tó bá wù ọ́, má tú kabúrétọ̀ láìpè mí." Mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, Vincent á gbé e ká gbogbo ọjà Òkìtìpupa. Mo sì rò ó pé, ó ṣáà dí pinpin, kí ló kàn án?

Mọ́nsúrù gba àwo náà gbọ́. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi hàn mí. Ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹfun.

"Ebi ń pa á," ó wí. "Sálénsà àtijọ́ ń di èéfín mú díẹ̀, tìrẹ yìí ń lé e jáde wàrà. Bí èéfín bá ń jáde kíákíá, afẹ́fẹ́ púpọ̀ á máa ya wọlé, epo ò sì tó o. Ó ń mí gulegule, kò rí nǹkan jẹ."

Mo fò sókè. Ó wà nínú ìwé mi! Àmọ́ ìwé mi ò sọ ọ́ báyẹn.

Abẹ́rẹ́ kan wà nínú kabúrétọ̀ tó ń di ihò epo. Bó bá ṣe ga sókè tó, bẹ́ẹ̀ ni epo ṣe ń rí àyè gbà kọjá tó. Orí rẹ̀ ní ìlà márùn-ún tí a lè fi pín-ìn-nì kékeré há. Mọ́nsúrù ṣí ìdérí òkè kabúrétọ̀ láìtú u kúrò lára ẹ́ńjìnì, ó yọ pín-ìn-nì láti ìlà kẹta sí ìkẹrin kí abẹ́rẹ́ lè ga, ó sì dé e padà. Mo gùn ún lọ dé iwájú ọ̀nà. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fún un níná tán, pa-pa! Mo padà. Ó tún un sí ìlà karùn-ún, èyí tó kẹ́yìn. Mo tún lọ. Nígbà tó bá ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń tú èéfín dúdú. Nígbà tí mo bá fún un níná, ó tún ń yìnbọn.

Mọ́nsúrù gbé sukudíráfà sẹ́nu, ó fi kan ẹ́ńjìnì, ó di ojú, iwájú orí rẹ̀ sì sunkì.

"Kò yé mi," ó wí. Mi ò tíì gbọ́ ọ kó sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo mi fúláásíkì. Kò-kò. Ohùn rẹ̀ ti tín-ínrín. Oòrùn ti dé àárín orí.

Mọ́nsúrù ní kí n gbé e wá. Ó fi eyín kan etí ìdérí rẹ̀, ó ní kí n mì ín. Bó ṣe gbọ́ ọ nínú orí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ṣí ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, ó yọ jẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ẹ̀tì kò ju èso ata lọ. Ide ni, ihò kan wà nínú rẹ̀ tí irun lè dí. Ihò yẹn ni epo ń gbà nígbà tí a bá fún ẹ́ńjìnì níná dáadáa. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó fi ojú kan wo inú rẹ̀.

"Ọ̀kan ṣoṣo nìyí," ó wí. "Kò sí irú rẹ̀ níbí, kò sí ní Oǹdó. Mo máa fẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, epo á máa rì í, kò ní ṣeé gùn mọ́. Ihò tí mo bá ti fẹ̀ kò sì ní padà sí bó ṣe wà."

"Ọ̀gá," Vincent wí, kò rẹ́rìn-ín mọ́, "ẹ jẹ́ kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ."

"Pẹ̀lú yìnyín?"

Ó yọ fọ́nrán okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ kan, èyí tó tín-ínrín jù. Ó fi kan ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń lọ irin. Ó di jẹ́ẹ̀tì mú láàárín ìka méjì, ó fi ẹnu okùn wá ẹnu ihò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bí sálénsà nìkan bá ló fa ebi yìí, ìlà méjì tó fi gbé abẹ́rẹ́ sókè ì bá ti fún un lóúnjẹ débi pé á máa yó. Èéfín dúdú nígbà tó ń lọ jẹ́jẹ́, ìbọn nígbà tó ń sáré. Afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíràn wọlé! Ibo lafẹ́fẹ́ tún lè gbà?

Mo mọ ibẹ̀.

"Ẹ dúró!" mo kígbe.

Ojú rẹ̀ wà lára jẹ́ẹ̀tì. Kò gbọ́. "Ọ̀gá Mọ́nsúrù, ẹ dúró!" Ètè rẹ̀ ń lọ, ó ń ṣe bísímílà. Bí mo bá gbá a lọ́wọ́ mú, okùn á ya ihò náà. Mo ki ọwọ́ bọ agolo, mo mú nọ́ọ̀tì kan, mo sì jù ú sínú àwo funfun níwájú rẹ̀.

Ó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ka àwọn nọ́ọ̀tì náà pẹ̀lú ojú. Mẹ́rin. Ó gbé ojú sókè, ó wo ẹnu mi.

"Kabúrétọ̀," mo wí. "Mo tú u. Gásíkẹ́ẹ̀tì ya. Oje rọ́bà ni mo fi dí i."

Kò bú mi. Ó rọra fa okùn kúrò, ó gbé jẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ sórí aṣọ, ó sì tú kabúrétọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò jọ ohun tí mo fi síbẹ̀. Oje rọ́bà tó mú pinpin lọ́jọ́ Àìkú ti di ọbẹ̀ ilá, ó ń fà yọ̀ọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ti ṣí sílẹ̀ gbagada tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bó ṣe wù ú.

Mọ́nsúrù nawọ́ sẹ́yìn, ó mú agolo sólúṣàn tí Vincent fi ń lẹ táyà, ó gbé e sábẹ́ imú mi.

"Kí lo rò pé ó wà nínú èyí?"

Ojú tì mí. Òórùn pẹtiróòlù ló kọ́kọ́ lù mí. Rọ́bà tí wọ́n fi pẹtiróòlù yọ́ ni sólúṣàn! Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i.

Vincent bú sẹ́rìn-ín, ó di igi mú kó má bàa ṣubú. "Akọ̀wé ń po sólúṣàn nínú kabúrétọ̀! Ẹ gbà mí o! Oníbàárà mi ti di abánidíje mi!"

"Vincent, fún mi ní ọ̀bẹ," Mọ́nsúrù wí. "Mo nílò bébà tó nípọn."

Kò sí bébà tó nípọn lábẹ́ igi yẹn. Páálí táyà ti rẹ̀, ó ń ya. Mo ki ọwọ́ bọ àpò mi, káàdì àjẹsára tí mò ń kó lọ fún Nọ́ọ̀sì Dora, èyí tí a ń kọ orúkọ ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ sí, ló wà níbẹ̀, ogójì, tuntun, ó le, ó ń dán. Ọ̀kan fún ọmọ kan, iye orúkọ tí Nọ́ọ̀sì Dora ti kọ sílẹ̀ gan-an.

Mọ́nsúrù wò wọ́n. "Ọmọ wo ni kò ní gba káàdì?"

Mo tẹ́ wọn sórí aṣọ níwájú rẹ̀.

"Kọ Àríyọ̀ sí ọ̀kan," ó wí. "Kọ ọ́ ná. Kò dáa kí n gé káàdì tí kò ní ẹni tó ni ín. Bàbá rẹ̀ á jẹ́rìí fún un pé ó gba abẹ́rẹ́."

Mo kọ ọ́: ÀRÍYỌ̀ TÌJÁNÍ. Ó fi ọ̀bẹ họ oje rọ́bà kúrò lẹ́nu méjèèjì, ó gbé káàdì náà lé ẹnu kabúrétọ̀, ó fi orí òòlù kékeré lù ú jẹ́jẹ́ yíká létí, tọ́-tọ́-tọ́, títí irin fúnra rẹ̀ fi gé e bó ṣe yẹ. Bébà tó jáde jẹ́ òrùka tó bá ẹnu mu rẹ́gí. Ó kùn ún ní gíríìsì, ó fi ẹnu fẹ́ okùn rọ́bà kan jáde nínú jẹ́ẹ̀tì, ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ó sì sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ láti ìlà karùn-ún sí ìkẹrin.

"Gùn ún," ó wí. "Fún un níná tán. Bó bá ti wà lójú ìjà, pa á, jẹ́ kó yí lọ fúnra rẹ̀, kí o gbé púlọ́ọ̀gì wá fún mi."

Mo gùn ún. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù mí sẹ́yìn! Mo pa á, mo tú púlọ́ọ̀gì, ó jó mi níka, mo fi etí aṣọ dì í mú wá. Ẹnu rẹ̀ kò funfun mọ́, kò sì dúdú. Àwọ̀ èèpo ẹ̀pà ló ní.

Mọ́nsúrù mi orí pé ó dára. Ó yí sikúrù afẹ́fẹ́ ní ìdajì, ó gbé sukudíráfà sẹ́nu, ó fetí eyín gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló mú fìlà rẹ̀.

"Sún síwájú."

"Ẹ̀yin náà ń lọ?"

"Ẹ́ńjìnì tí kò tíì gbóná kò tíì sọ tinú rẹ̀. Bó bá tún kú lẹ́yìn Ìrèlè, ta ni wàá pè?"

Mi ò lè sọ gbogbo bí a ṣe rin ọ̀nà yẹn. Òkè àkọ́kọ́ ni mo rántí jù. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn, gbogbo ara mi le. Mo fún un níná, mo ń retí ìbọn. Kò yìn. A gùn ún tán. A kọjá Òde-Ìrèlè, àwọn tó wà níwájú ọ́fíìsì káńsù dìde nítorí ariwo wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni iyanrìn bẹ̀rẹ̀, táyà ń rì, ẹ́ńjìnì ń gbóná sí i. Mọ́nsúrù fọwọ́ gbá mi léjìká kí n dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kan ẹ́ńjìnì pẹ̀lú sukudíráfà, ó yí sikúrù díẹ̀ péré, bí ẹni ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tó ń sùn.

"Mi fúláásíkì."

Mo mì ín. Mo gbọ́ kò kan, ẹyọ kan ṣoṣo. Mo wo ojú rẹ̀.

"Gùn ún lọ," ó wí.

Nígbà tí a dé Ìyànsàn, oòrùn ti ń yí. Nọ́ọ̀sì Dora dúró sójúde ilé ìwé, ọwọ́ níbàdí. Lára àwọn ìyá ti pọn ọmọ, wọ́n ti ń kúrò. Ariwo sálénsà wa ló dá wọn padà.

"Olúsọjí! Láti àárọ̀! Ibo lo sùn?"

Mo tú fúláásíkì. Mo mì ín. Kò sóhùn. Mo tún mì ín, mo gbé e sí etí. Omi nìkan ló ń dún. Nọ́ọ̀sì Dora náà gbé e sí etí tirẹ̀, mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ṣú.

"Ó ti dákẹ́," ó wí. "O mọ òfin. Mi ò lè gún omi lásán fún wọn kí n wá sọ fún wọn pé ara ọmọ wọn ti ní ààbò."

Àwọn ìyá ń wò wá. Àkànkẹ́ wà láàárín wọn, Àríyọ̀ ń fa etí aṣọ rẹ̀. Mo wá ronú gbogbo àkókò tó lọ lábẹ́ igi fúrúùtù, láti ìgbà tí mo ti sọ pé "ó parí" títí di ìgbà tí mo ju nọ́ọ̀tì kẹrin.

Mọ́nsúrù gba fúláásíkì lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Dora. Kò bi í. Ó fi eyín mú etí ìdérí, ó di ojú, ó rọra yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ó wà," ó wí. "Ó kéré. Ṣùgbọ́n ó wà, ó ń kan ẹ̀gbẹ́."

"Bàbá Àríyọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́..."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣí i. Kí ojú yín rí i."

Ó ṣí i. Lójú omi, yìnyín kan ń léfòó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èékánná ọmọ ọwọ́. Ó ki ìka bọ omi náà, ó yára fà á yọ.

"Ó tutù!" ó kígbe. "Ó tutù dáadáa! Ẹ tò, ẹ tò o! Ẹ má ti ara yín!"

Ogójì ọmọ ló gba abẹ́rẹ́ kí ooru tó wọ omi náà. Igbe wọn gba gbogbo ìlú. Mọ́nsúrù nìkan ni kò yọ lẹ́nu. Àkànkẹ́ ni mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé, "Ìgbà tí ìyá mi ń kọ́lé ńkọ́? Ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn yín, ẹ ò lè wá. Òní lẹ̀yìn yín sàn?" Ó ń wo ẹnu ìyàwó rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, kò fèsì.

Nígbà tí ó kan Àríyọ̀, Nọ́ọ̀sì Dora nawọ́. "Káàdì rẹ̀ dà?"

Mọ́nsúrù tọ́ka sí alùpùpù. Ẹ́ńjìnì ṣì ń gbóná, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Èmi ni mo ní láti ṣàlàyé, láti orí igi rọ́bà, níwájú gbogbo àwọn ìyá. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́.

Ní oṣù Ògún ọdún yẹn, gásíkẹ́ẹ̀tì gidi dé láti Èkó. Mọ́nsúrù tú kabúrétọ̀, ó sì yọ òrùka bébà yẹn. Epo ti mu ún, ó ti dúdú, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí oòrùn, a ṣì lè ka "YỌ̀" lára rẹ̀. Ó nù ún pẹ̀lú aṣọ, ó gbé e sínú àwo tánńganran funfun, láàárín àwọn nọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Bí mo bá ti ń gbé alùpùpù bọ̀, kò tíì bi mí ní nǹkan kan, ó ti ń rọra ti àwo náà síwájú mi.